Owó Ti Tán, Orin Ò Tíì Tán: Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Ṣètò Gbígba Orin Ọ̀kẹ́sítírà Sílẹ̀, Tẹ́ Ẹ Ó sì Rówó Ẹ̀

Ohun tí mo máa ń rí rèé o. Ẹnì kan á kọ orin sílẹ̀ fún odidi ọdún kan, á máa gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà títí orí ẹ̀ á fi wú, á wá sáré tọrọ owó lọ́wọ́ tẹbí tọ̀rẹ́, á háyà ọ̀kẹ́sítírà fún wákàtí 3, ìgbà tí aago bá fi máa pé, orin méjì ló ti gbà sílẹ̀ nínú márùn-ún. Àwọn eléré á palẹ̀ ohun èlò wọn mọ́, wọ́n á máa lọ, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Owó ti lọ, orin ò pé, ojú sì ń tì yín láti padà lọ bá àwọn tó dáwó fún yín lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́pọ̀ ìgbà owó yẹn ì bá tó. Ibi tó ti wọ́ ni pé owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá kiri kí wọ́n tó ka ìṣẹ́jú. Iye ìṣẹ́jú orin àti iye àga tó wà nínú yàrá ló ń bí gbogbo ìnáwó tó kù, torí náà ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀

- Orin tó ti parí. Parí tí mo wí yìí, kẹ́ ẹ lè gbé sìkọ́ọ̀ ẹ̀, ìyẹn ìwé tí nóòtì gbogbo ohun èlò wà pọ̀, fún ẹlòmíì láàárọ̀ ọ̀la láìsọ pé "ó ku díẹ̀".
- Démò orí kọ̀ǹpútà fún orin kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ lè mọ iye ìṣẹ́jú tó jẹ́ gan-an.
- Sọ́fíwíà tẹ́ ẹ fi ń kọ nóòtì: Dorico, Sibelius, tàbí MuseScore tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lórí Finale, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti kéde ní 2024 pé àwọn ò ṣe é mọ́, ẹ tètè kó fáìlì yín jáde sí MusicXML, irú fáìlì tí sọ́fíwíà nóòtì míì lè ṣí, kí kọ̀ǹpútà tuntun kan tó kọ̀ láti ṣí i.
- Excel tàbí Google Sheets. Ẹ máa lò ó ju sọ́fíwíà orin lọ, mi ò parọ́.
- Ẹnì kan tó mọ sìkọ́ọ̀ kà dáadáa tí kò ní í bẹ̀rù yín. Ojú ẹni tó kọ orin kì í rí àṣìṣe inú ẹ̀.
- Àkókò. Ẹ fún ara yín ní oṣù 6, ó kéré tán.

Ìpele 1: Ẹ ka ìṣẹ́jú

Sẹ́ṣàn ọ̀kẹ́sítírà, ìyẹn àkókò tẹ́ ẹ háyà wọn fún lẹ́ẹ̀kan, sábà máa ń jẹ́ wákàtí 3, tàbí 4 níbòmíì. Wákàtí 3, ìṣẹ́jú 180 nìyẹn, àmọ́ ẹ má tíì yọ̀. Àwọn eléré á sinmi fún bí ìṣẹ́jú 20. Bí ìṣẹ́jú 15 míì á lọ sórí kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún ohùn ṣe, kí ẹnjiníà sì gbọ́ maikirofóònù ní ìkọ̀ọ̀kan. Ó ku 145.

Òdiwọ̀n témi ń lò ni pé ìṣẹ́jú orin kan máa jẹ ìṣẹ́jú 10 nínú yàrá tí orin náà ò bá le: wọ́n á kà á kọjá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbà á lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ẹ ó padà sí ibi tó kọsẹ̀. Tó bá le, bíi ká ní iye bíìtì inú báà (àwọn ìpín kéékèèké tí wọ́n ń pín orin sí) ń yí ṣáá tàbí fáyólíìnì ń sáré kiri lókè téńté, ẹ fi 15 ṣe é. Ẹ wò ó bayìí: 145 pín sí ọ̀nà 10, orin ìṣẹ́jú 14 àti ààbọ̀. 145 pín sí ọ̀nà 15, kò pé ìṣẹ́jú 10. Ìyẹn ni pé orin ìṣẹ́jú 14 kan lè wọ inú sẹ́ṣàn kan tán, òmíì tó jẹ́ ìṣẹ́jú 14 bákan náà á gba sẹ́ṣàn méjì.

Ẹ tún béèrè o, torí níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ eléré bá ti lágbára, àdéhùn wọn lè ti sọ iye ìṣẹ́jú orin tẹ́ ẹ lè lò nínú sẹ́ṣàn kan, bó ti wù kí ẹ yára tó.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n á gbọ́ pé àwọn eléré sẹ́ṣàn ní London tàbí Budapest máa ń ka orin tí wọn ò rí rí bí ẹni ti ń gbá a látọjọ́ pípẹ́, wọ́n á wá kó orin ìṣẹ́jú 25 lé wọn lórí. Wọ́n á gbá a ṣá. Bó ṣe máa dún lọ̀rọ̀ wà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣe tábìlì olópòó mẹ́rin, orúkọ orin, ìṣẹ́jú ẹ̀, ó le àbí kò le, ìṣẹ́jú tó máa jẹ nínú yàrá. Ẹ ro òpó tó gbẹ̀yìn pọ̀. Tó bá jẹ́ 145 géérégé, ó ti pọ̀ jù, ẹ gé e wá sí bíi 125.

Ìpele 2: Ẹ ka àga

Gbogbo ẹni tó bá jókòó sínú yàrá yẹn, owó ẹ̀ máa pé, kó gbá ẹgbẹ̀rún nóòtì o, kó gbá mẹ́ta o. Mo ti kọ háàpù sínú orin kan rí, báà 6 péré ló ní nínú gbogbo iṣẹ́ náà, báà 6 tó dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n fi iye owó ránṣẹ́: owó ẹni tó máa ta á, owó háyà háàpù fúnra ẹ̀, owó ọkọ̀ tó máa gbé e wá. Ni mo bá gbé báà mẹ́fà yẹn fún fáyólíìnì kejì àti fíọ́là kí wọ́n fi ìka ta á dípò ọpá. Ẹnikẹ́ni ò béèrè háàpù lọ́wọ́ mi látìgbà yẹn.

Àwọn olókùn lẹ máa kọ́kọ́ pinnu. Èyí tó kéré tó sì ṣì dún bí ọ̀kẹ́sítírà ni 8-6-4-4-2, ìyẹn fáyólíìnì kìíní 8, ìkejì 6, fíọ́là 4, sẹ́lò 4, báàsì 2, gbogbo ẹ̀ jẹ́ èèyàn 24. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó nípọn sí i, 10-8-6-6-4, èèyàn 34. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá fi àwọn tó ń fọn kún un.

Ẹ ṣọ́ra níbí: họ́ọ̀nù 4, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì 3, tírọ́ńbóònù 3 àti túbà kan, tí gbogbo wọn bá fọn lẹ́ẹ̀kan náà níwájú olókùn 24, olókùn ti wọlé sùn nìyẹn. Lórí kọ̀ǹpútà ẹ ò lè mọ̀, torí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ fa fáyólíìnì sókè. Ọgbọ́n tó wà ni kẹ́ ẹ gba àwọn olókùn sílẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ gba àwọn onídẹ lọ́tọ̀, àmọ́ ẹ rántí pé orin kan náà lẹ fi ìṣẹ́jú yàrá gbà lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ẹ padà lọ tún tábìlì Ìpele 1 ṣe. Ohun míì ni ẹni tó bá ń fọn fúlúùtù tó tún máa gbé píkólò: àwọn àdéhùn kan máa ń fi owó kún tiẹ̀ torí ohun èlò kejì.

*Àyẹ̀wò:* ẹ to orin sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ to ohun èlò sókè, ẹ fi àmì sí ibi tí kálukú ti ń gbá. Ohun èlò tó bá ní àmì kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ rojọ́ kó tó wọlé.

Ìpele 3: Ẹ kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì látìsàlẹ̀ wá sókè

Ẹ má sọ pé "mo ní iye báyìí, kí ni mo lè rí rà". Ẹ kọ gbogbo ohun tó máa gbowó, kẹ́ ẹ tó wo àpò. Bí mo ṣe máa ń pín 100 mi nìyí, tiyín lè yàtọ̀:

- àwọn eléré: 45
- sítúdíò, ẹnjiníà, maikirofóònù: 15
- kọndọ́kítọ̀ (ẹni tó ń darí àwọn eléré): 5
- títún sìkọ́ọ̀ yẹ̀wò, páàtì (ìwé nóòtì ohun èlò kọ̀ọ̀kan), títẹ̀ ẹ́ sórí bébà: 10
- míìsì (pípo gbogbo ohùn pọ̀) àti másítà (àtúnṣe ìkẹyìn kí orin tó jáde): 10
- owó báńkì, owó tí wọ́n ń yọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣẹ́ owó, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì: 5
- àìròtẹ́lẹ̀: 10

Àìròtẹ́lẹ̀ yẹn, wọn ò ní í fi bẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó ná an. Tí sẹ́ṣàn bá fi ìṣẹ́jú 10 kọjá àkókò, ọ̀pọ̀ ibi ló máa ṣírò ẹ̀ bí ìdajì wákàtí tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú, fún gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá.

Ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè tún wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san ní yúrò, àmọ́ tówó yín kì í ṣe yúrò, iye tẹ́ ẹ rí lónìí kọ́ lẹ máa rí lóṣù mẹ́rin sí i. Bí mo bá ti rí àsansílẹ̀ gbà, mo máa ń ṣẹ́ ẹ kíá, tó bá lọ sókè lẹ́yìn náà kò kàn mí mọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì náà fún ẹnì kan tí kò mọ orin, kó bi yín pé "kí ni èyí wà fún?" lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tẹ́ ẹ bá tàsé lórí ẹ̀, ẹ ò tíì mọ iye ẹ̀ nìyẹn.

Ìpele 4: Owó wíwá

Ibí ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ti dé ìpele kẹrin, ẹ sì ti mọ iye tẹ́ ẹ ń wá. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá lọ bá láìní iye lọ́wọ́ á gbà pẹ̀lú yín pé orin dára, á sì máa bá tiẹ̀ lọ.

Mi ò fọkàn sí orísun kan ṣoṣo rí. Bí mo ṣe máa ń tò wọ́n rèé:

Tiyín àkọ́kọ́. Ẹ fi owó ara yín ṣe páàtì, torí ohun tó máa wà lọ́wọ́ yín nìyẹn bí gbogbo nǹkan tó kù bá dẹnu kọlẹ̀. Páàtì tó ti parí kò bàjẹ́, ẹ lè gbé e lọ bá ọ̀kẹ́sítírà míì lọ́dún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó ìrànwọ́ látọ̀dọ̀ àwọn àjọ tó ń ran iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́. Ẹ ka ìlànà wọn délẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kankan. Púpọ̀ nínú wọn kì í san owó ohun tẹ́ ẹ ti ná kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, torí náà tẹ́ ẹ bá ti san àsansílẹ̀ sẹ́ṣàn kẹ́ ẹ tó gbọ́ èsì, ẹ lè ti fọwọ́ ara yín yọ ara yín dànù. Òmíì á fún yín ní apá kan, á di ìyókù mú títí ẹ ó fi kọ ìròyìn iṣẹ́, ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹni yá yín lówó láàárín. Nínú ìwé ìbéèrè yín, ẹ kọ ẹni tó máa gbọ́ orin yìí àti ibi tó ti máa gbọ́ ọ. Ìtàn bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ràn orin láti kékeré, gbogbo àwọn tó kù náà kọ ọ́.

Ìkẹta, kẹ́ ẹ pín sẹ́ṣàn. Ẹ wá ẹni tó ń kọ orin bíi tiyín, tó nílò eléré kan náà, ẹ jọ gba wákàtí 4, kẹ́ ẹ pín in ní méjì-méjì. Títo àga àti maikirofóònù, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san án. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo àwọn tó kù lọ, ó ń yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í ṣe é. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí wákàtí ẹnì kìíní bá pé, ó pé náà nìyẹn, kódà kó ku báà mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́ lórí ìṣẹ́jú 8 lójú mi.

Ìkẹrin ni dídá owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí Kickstarter, tówó ò bá pé iye tẹ́ ẹ dá, ẹ ò rí kọ́bọ̀ gbà. Wọ́n máa yọ 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó ń bá wọn gba owó káàdì á yọ tiẹ̀ náà. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá nílò 100, ẹ béèrè tó 111, ó kéré tán, torí tí wọ́n bá yọ bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó máa kù ni bí 100. Wọ́n gbà yín láyè ọjọ́ 60, àmọ́ 30 ti tó, èyí tó gùn jù á kàn sú èèyàn. Tó bá sì yọrí, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kówó tó débẹ̀, ẹ má lọ dá ọjọ́ sẹ́ṣàn sí ọjọ́ kejì.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* ẹ̀bùn. Wọ́n á ṣèlérí síídì, ẹ̀wù péńpé tí wọ́n kọ orúkọ sí, ìwé sìkọ́ọ̀ aláwọ̀ mèremère, wọn á wá rí i pé owó fífi ránṣẹ́ nìkan ti jẹ ìdámẹ́ta ohun tí wọ́n rí. Ẹ fún wọn ní ohun tí ò wúwo: fáìlì orin kó tó jáde, sìkọ́ọ̀ PDF, ìjókòó láti wo sẹ́ṣàn lórí fídíò, orúkọ wọn lára àwọn tá a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

*Àyẹ̀wò:* kẹ́ ẹ tó ṣí i fún gbogbo ayé, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní orúkọ àwọn tó ti sọ lẹ́nu ara wọn pé "mo máa dá iye báyìí lọ́jọ́ kìíní". Tí àpapọ̀ wọn ò bá tó bí ìdámẹ́ta, ẹ ò tíì ṣe tán.

Ìpele 5: Ọ̀kẹ́sítírà àti àdéhùn

Ẹ lè wà níbi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ sì gba orin sílẹ̀ ní Budapest, Prague, Sofia, Skopje, Vienna tàbí London, tẹ́ ẹ ó máa gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ nípasẹ̀ Source-Connect tàbí Audiomovers, sọ́fíwíà tó ń gbé ohùn gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ibi mẹ́ta ó kéré tán, pẹ̀lú ìwé kan náà: iye àga, iye ìṣẹ́jú, kílíìkì (ìró tó ń ka bíìtì sí eléré létí) wà àbí kò sí. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n ní ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ò ní í lè fi iye wọn wéra.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó san ohunkóhun: ta ló ni ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ náà, ṣé owó tẹ́ ẹ san yìí ti tán síbẹ̀ àbí wọ́n máa tún béèrè tó bá wọ fíìmù, géèmù tàbí ìpolówó, ṣé ẹ lè kọ orúkọ ọ̀kẹ́sítírà náà sára iṣẹ́ yín, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí kọndọ́kítọ̀ bá ṣàìsàn, èló ni wákàtí àlékún. Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, àwọn kan kì í gbà o. Ẹni tó ti fi orúkọ wọn polówó fún àwọn tó dáwó, tó wá gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́yìn sẹ́ṣàn, ó ti wọ gàù.

Ẹ tún bi wọ́n ohùn tí wọ́n ń tún ohun èlò ṣe sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́sítírà nílẹ̀ Yúróòpù ń fi nóòtì A sí 442 tàbí 443 Hz, démò yín sì wà ní 440. Tẹ́ ẹ bá ní duùrù tàbí ohùn èlò orí kọ̀ǹpútà tó máa bá wọn dún pọ̀, ó máa dà bíi pé ẹnì kan ń kọrin bàjẹ́, ẹ ò sì ní mọ ẹni náà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ka àdéhùn náà sókè fún ara yín. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti sọ pé "mo rò pé ohun tí wọ́n ń sọ ni…", ẹ fi ímeèlì béèrè.

Ìpele 6: Páàtì

Tí mo bá ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu nínú gbogbo ìwé yìí, òun nìyí. Inú páàtì ni owó máa ń jò gbà.

Ní sẹ́ṣàn mi kan, orin dé báà 23, kọndọ́kítọ̀ dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Clarinet kejì, kí lo rí níbẹ̀?" Ọkùnrin náà ní òun rí C. Mo wo sìkọ́ọ̀ mi, èmi náà rí C. Ìgbà tá a tún un gbá lẹ́ẹ̀mejì ló wá yé mi pé sìkọ́ọ̀ tèmi wà bó ṣe ń dún, páàtì tiẹ̀ náà sì jáde bó ṣe ń dún, nígbà tó jẹ́ pé clarinet B fíláàtì ló mú lọ́wọ́, tó jẹ́ pé D ló yẹ kó rí kí C tó lè jáde. Èèyàn 41 jókòó, wọ́n ń wò wá, fún ìṣẹ́jú 11. Mo mọ̀ pé 11 ni torí mo padà lọ kà á nínú fáìlì.

Torí náà, ẹ yẹ àwọn wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan: clarinet B fíláàtì ń ka ohun tó fi tóònù kan ga ju bó ṣe ń dún, họ́ọ̀nù F ń ka ohun tó fi nóòtì márùn-ún (tí wọ́n ń pè ní fifth) ga ju bó ṣe ń dún, báàsì ń dún ní òkítéfù kan nísàlẹ̀ ohun tó ń kà, píkólò ń dún ní òkítéfù kan lókè. Nọ́ńbà báà gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo báà, èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan ò tó ní sẹ́ṣàn. Ìlà nóòtì kó tóbi dé bíi mìlímítà 7 sí 8 láti ìlà ìsàlẹ̀ sí tòkè, torí èèyàn méjì ló máa wo bébà kan láàárín àwọn olókùn, ẹnì kan sì lè ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Yíyí ewé kó bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń sinmi, maikirofóònù máa gbọ́ ọ o.

Ẹ ka bébà náà. Olókùn 8-6-4-4-2, tí méjì bá ń lo ìdúró kan (ohun tí wọ́n ń gbé bébà lé), ìdúró 12 nìyẹn, 4, 3, 2, 2, 1. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tó 12, kẹ́ ẹ tún fi méjì-mẹ́ta ṣe àlékún. Tó bá jẹ́ àwọn ló máa tẹ̀ ẹ́ fún yín, orúkọ fáìlì kó máa tẹ̀lé ara wọn: nọ́ńbà orin, orúkọ orin, ohun èlò. "Final_final2_tòótọ́.pdf", ẹ jọ̀ọ́, rárá.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fún ẹni tí mo ní kẹ́ ẹ wá níbẹ̀rẹ̀ ní páàtì mẹ́rin, kò gbọdọ̀ rí sìkọ́ọ̀. Kó máa kọrin tẹ̀lé e bí démò ṣe ń lọ. Tó bá sọnù lẹ́ẹ̀kan, nǹkan kan wà níbẹ̀: báà ìsinmi tí kò níye, kíì tó yí láìsọ, ìtúnkọ tó pòrúúru.

Ìpele 7: Kílíìkì àti fáìlì

Èyí kò gùn. Tẹ́ ẹ bá ń lo kílíìkì, ẹ fún wọn ní báà méjì tó máa ń kà kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa kílíìkì náà kó tó di nóòtì ìkẹyìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí ìró ìkẹyìn bá ń kú lọ, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni kó-kó-kó látinú hẹ́dìfóònù ogójì èèyàn. Ẹ fi fáìlì MIDI tó ní ìyára orin àti iye bíìtì ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì ohùn (WAV) kílíìkì náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: orin tó fi nóòtì díẹ̀ ṣíwájú báà kìíní. Sọ́fíwíà nóòtì á ka ìyẹn sí báà 0, Pro Tools, sọ́fíwíà tí ẹnjiníà fi ń gba orin sílẹ̀, á kà á sí báà 1. Látìgbà náà lọ, gbogbo nọ́ńbà ti fi ọ̀kan yàtọ̀, kọndọ́kítọ̀ á ní "báà 41", ẹnjiníà á lọ sí ibòmíì.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣí fáìlì náà nínú sọ́fíwíà tí ẹnjiníà ń lò, ẹ lọ sí báà 41, ẹ wo báà 41 nínú sìkọ́ọ̀. Bákan náà ni?

Ìpele 8: Ọjọ́ sẹ́ṣàn

Ẹ kọ ètò tó ní àkókò: orin wo ní agogo mélòó. Ẹ fi orin kan tí kò le jù ṣíwájú kí ọwọ́ wọn yọ̀, kí ẹnjiníà sì to ohùn. Lẹ́yìn náà èyí tó le jù. Àwọn onídẹ, ètè wọn máa ń rẹ̀, ẹ má fi gbogbo orin tí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ti ń pariwo sí wákàtí ìkẹyìn.

Tó bá jẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ yẹ aago wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀ Yúróòpù máa ń ti aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kẹta, wọ́n á dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n tì í síwájú ni wọ́n dá sẹ́ṣàn fún mi, agogo 10 tiwọn, èmi ṣì ń fi ìṣirò àtijọ́ ṣe é. Ìgbà tí mo wọlé tèmi pẹ̀lú tíì lọ́wọ́, wọ́n ti gba orin kìíní tán láìsí mi. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó dára.

Nínú sẹ́ṣàn, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá kọndọ́kítọ̀ sọ̀rọ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà ní báà, ẹni, ohun tó fẹ́: "Báà 52, sẹ́lò, kó rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ìtàn pé orin náà dà bí ìgbà tí ìrì ń sẹ̀, ẹ fi pamọ́. Ẹni kejì máa kọ téèkì, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gba orin kan: nọ́ńbà téèkì, báà tó dára, báà tó bàjẹ́. Ẹnì kẹta, aago nìkan ló ń wò. Tí èèyàn ò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe iṣẹ́ aago fúnra yín, ẹ máa gbàgbé.

Tí orin kan bá ti dára dé ìwọ̀n 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ kọjá sí òmíì. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń lépa 10 tó kù lórí orin kìíní ni orin karùn-ún ń kú. Kí wọ́n tó lọ, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹni tó máa gé e pọ̀ máa nílò ẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ní ìdajì àkókò, tí orin tẹ́ ẹ ti gbà ò bá tó ìdajì ìṣẹ́jú tábìlì yín, ẹ yọ orin kan kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ pinnu èyí tẹ́ ẹ máa yọ láti ilé.

Ìpele 9: Fáìlì, míìsì, àti àwọn tó dáwó

Ẹ ṣírò bí fáìlì yín ṣe máa tóbi tó. Maikirofóònù 40, ní 48 kHz àti 24-bit, ó ń jẹ nǹkan bíi MB 346 ní ìṣẹ́jú kan. Tí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú 140 gbà á, ó tó GB 48, tó bá jẹ́ 96 kHz, ó di ìlọ́po méjì. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe fàà kò ní í gbé e lóru ọjọ́ kan, ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú bóyá wọ́n á fi ránṣẹ́ nínú háàdì. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹlòmíì. Ẹ má san owó tó kù, tí àdéhùn bá gbà yín láyè, títí ẹ ó fi ṣí fáìlì náà tẹ́ ẹ ó sì gbọ́ gbogbo maikirofóònù.

Ẹ fi àkọsílẹ̀ téèkì yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gé e pọ̀, ó máa dín iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san fún kù. Ẹ má jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kó ṣe àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi lẹ́tà kan ṣoṣo dá a lóhùn pẹ̀lú àkókò sí ohun kọ̀ọ̀kan: "1:14, họ́ọ̀nù sún mọ́ wa jù". Lẹ́yìn náà, orin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ISRC tiẹ̀, àmì 12 tó ń dá ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ náà mọ̀, kẹ́ ẹ sì fi orin fúnra ẹ̀ sọ́dọ̀ àjọ tó ń bá yín gba owó ẹ̀tọ́ orin kó tó jáde síta.

Àwọn tó dáwó, ẹ máa kọ̀wé sí wọn lóṣooṣù, kódà kó jẹ́ ìlà mẹ́ta. "Míìsì ń lọ, orin mẹ́ta ti parí, clarinet ti yanjú." Ẹni tí mo kọ èyí ránṣẹ́ sí dá mi lóhùn pé, "Clarinet wo?" Mo ṣàlàyé fún un. Òun ló kọ́kọ́ dáwó sí iṣẹ́ mi kejì.